Ìyé Kò Ní Awọ

Ẹnu Mínà, àbúrò ìyá mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn aṣọ tí Ìyé gé. Ìyá Kékeré ni mo ń pe Mínà láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ògìdì la wà lọ́jọ́ náà, a ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo ti dàgbà tó láti rí i pé ìyá mi àti ìyá tó bí i kì í jẹ nínú àwo kan náà, àmọ́ n kò mọ ohun tó fà á. Mo bi í. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kékeré kì í fi ẹ̀rín pàdé. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró.

"Ọmọ Rábì," ó ní, "jókòó dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, wọn ò sọ ọ́ fún mi. Ojú mi ló ṣe."

A sin Ìyé nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí. Ilẹ̀ ti gbẹ lórí rẹ̀, àwọn tó wá sunkún ti padà sílé wọn, àwọn tó wá jẹun náà ti lọ. Ẹ jẹ́ kí èmi náà wá sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìyé là ń pe ìyá ní ìlú wa. Ìyá ìyá mi ni, àmọ́ gbogbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ híhun niṣẹ́ rẹ̀. Òfì rẹ̀ dúró gbọnrangandan lára ògiri yàrá bí ilẹ̀kùn tí kò já síbì kankan, iwájú rẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò máa hun kíjìpá, aṣọ tó nípọn tí àwọn ìyá wa fi ń pọn ọmọ, tí wọ́n sì fi ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Iṣan kan wà lápá òsì ọrùn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn ún, iṣan yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ojú rẹ̀ kò ní yí padà, ohùn rẹ̀ kò ní lọ sókè. Ọrùn yẹn ni gbogbo ilé ń wò, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ṣíṣú òjò.

Èèyàn ọkọ rẹ̀ kan wá láti Ẹkìnrìn-Àdé lọ́jọ́ kan. Aláwàdà ọkùnrin ni. Ìyé gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, gbogbo wa jókòó yí i ká. Ọkùnrin náà fi òkèlè kan sẹ́nu, ó mi orí, ó ní, "Ìyàwó wa, ọbẹ̀ yìí mà dùn o! Iyọ̀ ló kàn jókòó sẹ́yìn díẹ̀." Ẹ̀rín la rín. Ìyé dìde, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó gbé e lọ sí ìdí ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì dà á sílẹ̀ níbẹ̀. Kò fi ìbínú dà á o. Ó rọra dà á, bí ẹni ń bomi rin ewéko.

"Háà, Ìyé!" Bàbá wa àgbà, ọkọ rẹ̀, ké. "Ebi ṣì ń pa wá o!"

Ó dé, ó da ojú ìkòkò dé, ó jókòó. Ó ní, "Ilẹ̀ kì í sọ pé iyọ̀ kò tó."

Iyán funfun la jẹ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ìjọ ni Ìyé, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí. Málàmù ni gbogbo ìlú ń pe bàbá wa àgbà. Ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń dá a sílẹ̀. Nínú ìjọ, Ìyé wà lára àwọn ìyá tó ń kọrin. Lọ́jọ́ kan olórí wọn fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ẹ rọra díẹ̀, ìyá, ohùn yín ń bo tiwa mọ́lẹ̀." Bóyá ìyìn tilẹ̀ ni obìnrin yẹn fẹ́ fi ṣe. Ìyé pa orin náà dé sáàárín, ó gbé àga rẹ̀, ó bọ́ síta, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ló ti ń jọ́sìn láti ọjọ́ náà. Òjò pa á níbẹ̀, oòrùn lù ú níbẹ̀. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ náà kú, wọ́n pààrọ̀ pásítọ̀ léraléra, àga Ìyé kò kúrò lábẹ́ máńgòrò. Pásítọ̀ tuntun kan dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé wá sáàárín wa." Ìyé wò ó pẹ̀lú àánú, torí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run tí ẹ ń pè nínú ilé yẹn, ìta ló gbà wọlé."

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa yóò sọ pé ìkà ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti sọ ọ́ lẹ́nu ara mi. Àmọ́ Ìyá Kékeré sọ ti obìnrin Fúlàní kan fún mi, tó ń kiri wàrà kọjá níwájú ilé ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tó pọn ọmọ tó ń gbọ̀n sẹ́yìn. Ìyé rí ọmọ náà. Àpótí aṣọ rẹ̀ kún dẹ́nu nínú yàrá. Kò lọ síbẹ̀. Ìró tó wà nídìí rẹ̀ ló tú, tó fi bo ọmọ ọlọ́mọ, tó sì dúró síta gbangba pẹ̀lú tòbí nìkan. Ojú ti Ìyá Kékeré. Ó sáré jáde, ó ní, "Ìyé! Aṣọ kún inú àpótí, kí ló dé tí ẹ ń bọ́ tara yín?"

Ìyé dáhùn pé, "Kí n tó dé ìdí àpótí, òtútù ọmọ yẹn ìbá ti pa mí."

Ẹ wò ó dáadáa. Obìnrin kan náà ló da ọbẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ lára ni òtútù ẹlòmíràn náà ń wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ewúrẹ́, yóò kúrò nílé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò kọrin dé ibi tí omijé yóò ti máa bọ́. Kò sí ohun tó kéré lójú rẹ̀. Málàmù nìkan ló mọ orúkọ tí a lè pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni bàbá yẹn. O lè bú u láàárọ̀ kó tọrọ obì lọ́wọ́ rẹ lọ́sàn-án. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe ọkọ nínú ilé, yóò kàn fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n," á sọ fún wọn. "Ẹ̀yin ní awọ. Ìyàwó mi kò ní awọ. Ohun tó ń kàn yín lára, ẹran rẹ̀ ló ń kàn."

Wọ́n ní bí bàbá tó bí Ìyé ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í joyè, afẹ́fẹ́ ṣí fìlà rẹ̀, ẹnìkan sì rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Bàbá náà ṣa fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó padà sílé. Ẹlòmíràn ló joyè náà lójú rẹ̀ títí tó fi kú. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ilé yẹn kì í pẹ́ hó." Bí wọ́n bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Wọn kò bèèrè ẹni tí ẹ̀jẹ̀ náà yóò dà lé lórí.

Ìyá mi ló dà lé lórí. Rábì lorúkọ rẹ̀, òun ni àkọ́bí Ìyé, Mínà ló tẹ̀ lé e. Ikùn kan náà, ọmú kan náà. Mínà gbé ẹ̀rín Málàmù, Rábì gbé ọrùn Ìyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ náà wàyí.

Nílé wa, ìyá ló ń hun kíjìpá tí ọmọbìnrin yóò ró wọ ilé ọkọ. Bí ó bá kù díẹ̀ kó parí, ọmọ á wá jókòó ti ìyá, òun ni yóò hun ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gé e kúrò lórí òfì. Ọwọ́ méjì ló ń di ọ̀bẹ yẹn mú: ọwọ́ ìyá nísàlẹ̀, ọwọ́ ọmọ lórí. Ẹnìkan kì í dá a gé. Bí Ìyé ṣe bá ìyá tirẹ̀ gé e nìyẹn, kò sì sí ọmọbìnrin tó jáde nílé wa tí kò bá ìyá rẹ̀ di ọ̀bẹ náà mú.

Tíṣà kan láti Mopa ló fẹ́ fẹ́ Rábì. Bàbá mi nìyẹn. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí ilé wa. Wọ́n jókòó sórí ẹní nínú yàrá Ìyé, òun sì ń bá iṣẹ́ lọ níwájú òfì, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Kíjìpá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Léraléra ni Ìyé ti ri òwú rẹ̀ bọ inú aró, kó lè dúdú dáadáa, kó má baà tètè ṣá lára ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní, "Ìyàwó, ṣé aṣọ tẹ́ ẹ máa gbé wá bá wa nìyẹn?"

Rábì ń bu omi fún wọn. Ìtìjú ìyàwó ló mú un, ó sì fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní, "Ẹ má wò ó o! Ó ti dúdú jù, bí aṣọ opó. Èmi á sáré ra èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní ọjà Kàbbà."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. "Èmi náà rẹ́rìn-ín," ni Ìyá Kékeré sọ fún mi. "Bẹ́ẹ̀ ibi tí mo jókòó sí, mo rí ọrùn rẹ̀."

Ìyé dìde. Ó yọ ọ̀bẹ tó há sí ẹ̀gbẹ́ òfì. Ó fi í gé òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ kan. Wọ́n ní òwú tó bá le dáadáa máa ń dún tí a bá gé e. Aṣọ náà wó lulẹ̀ bí ẹni tó dákú. Ìyé yí padà sí àwọn àlejò, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ló wá wo ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, ọjà Kàbbà kò jìnnà."

Kò pe Rábì ní Rábì mọ́ láyé.

Aṣọ ọjà ni ìyá mi fi wọ ilé ọkọ. Nígbàkigbà tó bá wá sí Ògìdì, Ìyé á kí i pé, "Okun." Gbogbo wa la mọ ìkíni yẹn. Òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun la fi ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, òun náà la fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. N kò mọ èyí tí Ìyé ń fi kí ọmọ rẹ̀. Ó kàn ń sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ju egungun sí ajá, á sì yíjú padà sí òfì.

Ibi tó korò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, Ìyé pe Mínà wọ yàrá, ó fún un ní ìdì òwú kan. Òwú náà kò dúdú. Aró kàn bà á díẹ̀ ni. Ó ti fa orí rẹ̀ jáde. Láàárín àwọn tó ń hun aṣọ, ẹni tó bá rán irú òwú bẹ́ẹ̀ sí ọ ti bẹ̀ ọ́: ó ní wá, ká so èyí tó já. Ìyé kò sọ ọ̀rọ̀ kankan lé e. Mínà gbé e dé Mopa, inú rẹ̀ ń dùn, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá mi wo òwú náà pẹ́. Iṣan kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun," ni Mínà ń sọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ lónìí."

Ìyá mi ní, "Ẹni tó gé e ni kó mú un wá."

Ó fi òwú náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ dá iná. Mínà padà sí Ògìdì, ó sọ fún Ìyé pé òun kò bá a nílé. Ìyé kò bi í pé níbo ló wá gbé òwú náà sí. Ìgbà tí Ìyá Kékeré dé ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀gẹ́. "Àwọn èèyàn ní òkúta méjì ni mo wà láàárín wọn," ó ní. "Irọ́ ni. Egbò méjì ni. Ta ló ń fi egbò nu egbò?"

Ìyá mi ló kọ́kọ́ kú. Àìsàn náà kò pẹ́ púpọ̀. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, èèwọ̀ ni, nítorí náà nígbà tí mọ́tò àwọn olókùú ń lọ sí Mopa, wọ́n ní kí àwọn obìnrin di Ìyé mú. Kò sẹ́ni tó nílò láti dì í mú. Ó jókòó síwájú òfì tí kò sí òwú kankan lórí rẹ̀, ó mú igi pẹlẹbẹ tó fi ń lu aṣọ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi í lu afẹ́fẹ́, lókè, nísàlẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ ń lé. Ìlú ní àṣà ló dì í mú sílé. Àṣà bá a bo ojú lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ìbá lọ. Mo ṣì ń bínú sí àṣà náà.

Nígbà tí Ìyé wá kú, Ìyá Kékeré ṣí àpótí rẹ̀ láti mú aṣọ tí wọn yóò fi dì í. Mo dúró tì í. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó bá kíjìpá tí a gé. Etí rẹ̀ tó já ṣì ń tú. Àmọ́ kì í ṣe aṣọ dúdú tó bí ìjà mọ́. Ó ti mọ́lẹ̀, ó ti rí bí ojú ọ̀run kí oòrùn tó yọ. Ìgbà náà la rántí: ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ìyé máa ń di nǹkan kan, á dá lọ sódò, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ. A rò pé ìró ara rẹ̀ ló ń fọ̀. Ó ń fọ aró kúrò lára aṣọ náà. Ó ń fọ̀ ọ́ kó lè mọ́lẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn tí ọmọ náà ti wà nínú ilẹ̀.

Ìyá Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ náà bojú, ó ní, "Ó gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbọ́ ọ."

Òun la fi dì í.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ìyé. Ẹnìkan ní, "Ká má parọ́, obìnrin náà burú." Ọmọ mi Fúnkẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ nípa ẹ̀dá ní Lọ́kọ́ja, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ti ń wo bí ara ṣe ń gba ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ní àbùdá tí a jogún lọ́dọ̀ òbí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan náà dun ẹnìkan ju ẹnìkejì lọ.

"Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù, ariwo," ó ní. "Bó bá rọ̀ sórí koríko, ìdákẹ́jẹ́. Òjò kan náà ni. Páànù kọ́ ló sọ ara rẹ̀ di páànù. Bàbá àgbà tó ní Ìyé kò ní awọ, òótọ́ ló sọ."

"Ṣé o fẹ́ sọ pé kò jẹ̀bi ni?" ni ẹni yẹn bi í.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Àbùdá kì í gbé ọ̀bẹ. Ẹni tó bá mọ̀ pé páànù lòun, á wá nǹkan tẹ́ sórí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Inú mi sì dùn sí ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀fọ̀ ti sú mi, mo fẹ́ kí ilé rẹ́rìn-ín. Ni mo bá ní, "Ẹ gbà mí o, ẹ wo dókítà wa! Kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn, òkú ló ti fi bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ẹ̀yìnkùlé rẹ́rìn-ín. Fúnkẹ́ wò mí. Lápá òsì ọrùn rẹ̀, iṣan kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

"Ẹ ṣé, Dádì," ó ní.

Kí n tó jí ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti wọ mọ́tò. Kò pè mí láti ìgbà náà. Èmi náà kò pè é. Nígbà tí mo bá gbé fóònù láti pè é, ooru kan á gun ẹ̀yìn ọrùn mi, mo sì ń gbọ́ ohùn kan pé: èmi ni bàbá, kí ni mo sọ tó burú, ẹni tó lọ ni kó padà wá. Mo mọ ohùn náà. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyé nìkan.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló gé aṣọ yẹn, mo ti dárí ji Ìyé, mo dárí ji ìyá mi, àmọ́ kí ni yóò wá gba èmi àti ọmọ mi là? Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gé e, tí wọ́n fi kọ òwú, a jẹ́ pé èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi fà á tí n kò fi pe ọmọ mi, àwọn méjèèjì sì fi ayé wọn ṣòfò lásán lójú mi.

Ìdì òwú náà wà níwájú mi. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ni mo ti rí i nígbà tí a palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ ṣì wà níta bí Ìyé ṣe fà á. Mọ́tò Lọ́kọ́ja ń kọjá níwájú ilé mi ní gbogbo òwúrọ̀, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe èrò.

Ìwọ tí o ti ń gbọ́ mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tìrẹ kì í ṣe ti ilé wa: bó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá mú òwú yìí wọ mọ́tò lọ́la, àbí wàá jókòó dúró kí ọmọ kọ́kọ́ wá?